Opó Tó Lọ Wo Òkun

Ẹ má tíì bú u. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà tán ná. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ bú u lẹ́yìn náà, kó máa bú u lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síbí kí ẹ kà á.

Rawya kò sunkún nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Mahrus ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Mansoura, kò sì bá wọn padà wálé. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé Dikirnis níbí, gbogbo obìnrin tó wà nínú ilé ló figbe ta. Rawya jókòó sórí àga, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ṣìlé wọ̀. Wọ́n gbé tíì fún un, ó mu ún. Wọ́n ní kó gbé ife sílẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwa obìnrin ṣe rí. Ta ló máa gbójú kúrò lára opó tí ojú rẹ̀ gbẹ? Ìyá Hashim tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ló kọ́kọ́ lanu.

“Ẹ wojú ẹ̀ o! Omijé ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ máa ṣọ́ ọ, ọkọ mìíràn ti wà nílẹ̀ nìyẹn.”

Alhaja Tafida gbọ́. Òun ni ìyá Mahrus, Mahrus nìkan ló sì bí. Ó dìde láàárín àwọn tó ń bá a kẹ́dùn, ó lọ dúró síwájú Ìyá Hashim.

“Ìwọ tí o sunkún jù, ṣebí ìwọ lo kọ́kọ́ bu ìrẹsì? Ìyàwó ọmọ mi nìyẹn. Bí kò bá rí ẹkún sun, màá sun tèmi, màá sì sun tiẹ̀ mọ́ ọn. Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?”

Ìyá Hashim fà sẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò tún dán ọ̀rọ̀ náà wò níwájú Alhaja.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún Rawya. Òun fúnra rẹ̀ ti wá ọ̀fọ̀ náà nínú ara rẹ̀ títí, kò rí i. Ó ń se oúnjẹ, ó ń fọṣọ, ó ń wẹ ọmọ rẹ̀. Ó fi iná jó ọwọ́ lọ́jọ́ kan, ó wo ojú ibẹ̀, ó sì ń ro ọbẹ̀ rẹ̀ lọ. Nínú gbogbo ayé, Alhaja nìkan ló gbà pé ọkọ tó kú náà ń dun Rawya. Tí Alhaja bá lọ pẹ́nrẹ́n gbàgbọ́ nǹkan mìíràn, ó tán fún un nìyẹn.

Opó bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá: aṣọ dúdú, kò sí lọ́fíńdà, kò sí tìróò, kò sí pé à ń sùn níta, àfi tí nǹkan bá di dandan. Alhaja bá a ṣe opó náà bí ẹni pé ọkọ tirẹ̀ ló tún kú. Kò lọ sọ́jà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí i á gun àtẹ̀gùn wá bá a nílé.

Nígbà tó yá ni Nagwa, ẹ̀gbọ́n Rawya, pè é lórí fóònù.

“A ti gba ilé sí Ras el-Bar, èmi àti Sabri. Yàrá kan ṣófo. Mú ọmọ ẹ wá.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo wà nínú opó.”

“Mo mọ̀. Ṣé mo ní kó o wá jó ni? Wá jókòó sétí omi, kí atẹ́gùn fẹ́ sí ẹ lójú. O ò tíì sunkún, Rawya. Ẹ̀rù ẹ ń bà mí. Bó o bá rí òkun yẹn, ó máa jáde.”

“Kí ni kí n wá sọ fún Màmá?”

“Sọ pé ara màmá wa ò yá. Ìtọ́jú ìyá ẹni, dandan mà nìyẹn. Ta ló máa mọ̀?”

“Irọ́ nìyẹn o.”

“Irọ́ kékeré ni. Tó o bá padà dé, o ti gbàgbé ẹ̀.”

Rawya ní rárá. Nagwa tún pè, ó tún ní rárá. Àmọ́ Ziyad ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti gbọ́ orúkọ ìlú náà nínú fóònù.

“Mọ́mì, ṣé Ras el-Bar tí Dádì ní àwọn máa mú mi lọ nìyẹn?”

Rawya ní òun ni.

“Ṣé Dádì á wà níbẹ̀?”

Ó ti pẹ́ tí ọmọ yẹn ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn. Rawya wò ó. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ọkàn òun bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Alhaja, ó sì pa irọ́ náà wẹ́rẹ́ bí ẹni ń tọrọ iyọ̀.

“Màmá, wọ́n pè mí láti Mansoura. Ara ìyá mi ò yá.”

“Áà! Kí ló ṣe é?”

“Kíndìnrín ni, wọ́n ní.”

“Kí lo wá ń dúró ṣe? Ìyá ẹ ni, Ọlọ́run ò ní bínú sí ẹ. Mú ọmọ dání, ìyá ẹ á fi rẹ́rìn-ín díẹ̀. Dúró ná, má tíì lọ!”

Ẹ bá mi wo obìnrin yìí. Ó mú pẹ́pẹ́yẹ tó ń sìn lórí òrùlé, ó pa á, ó kó àlùbọ́sà sí i nínú, ó sè é títí omi rẹ̀ fi di wúrà. Ó fi aṣọ di ìkòkò náà kó má baà tutù lọ́nà.

“Kó kọ́kọ́ mu omi ẹ̀ kó tó jẹ ẹran. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó mu ún. Tó bá ní òun ò mu, bá mi fi tipátipá fún un.”

Rawya gbé ìkòkò. Nígbà tó ń sọ ibí yìí fún mi, ó ní ohun tó ya òun lẹ́nu jù ni pé òun tiẹ̀ rántí dúpẹ́.

Sabri, ọkọ Nagwa, ló jẹ pẹ́pẹ́yẹ náà. Lábẹ́ agboòrùn létí òkun, pẹ̀lú yanrìn ní gbogbo ẹsẹ̀.

“Yé! Ta ló se èyí? Kí aláìsàn yìí bá wa ṣàìsàn títí ìsinmi á fi parí o jàre!”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Rawya náà fi ẹran sẹ́nu. Bíi kó máa jẹ bébà ni.

Ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Wọ́n ní kó wọ omi, ó wọ omi pẹ̀lú aṣọ opó rẹ̀ títí dé orúnkún. Wọ́n ra mishabbik fún un, àádùn ṣúgà tó máa ń ran mọ́ èèyàn lọ́wọ́ yẹn, ó jẹ ẹ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n rìn lọ sí Ahọ́n, ibi tí odò Náílì ti ń wọ inú òkun. Èrò pọ̀ níbẹ̀ bí ọjọ́ ọdún. Àwọn ọmọge ń ya fọ́tò, àwọn bàbá ń jẹ àgbàdo sísun. Nagwa fa Rawya lọ sétí òkúta.

“Wò ó dáadáa. Ibi tí omi méjèèjì ti pàdé nìyẹn. Mahrus fẹ́ràn ibí yìí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Ó fẹ́ràn ẹ̀.”

“Ṣé ó ń bọ̀?”

“Kí ló ń bọ̀?”

“Ẹkún náà!”

Rawya dúró, ó dúró. Ó ń wo omi bí ẹni ń retí ọkọ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ,” ló sọ níkẹyìn. “Aṣọ mi tutù.”

Ziyad nìkan ló rí nǹkan gbà nínú ìrìn àjò yìí. Ìgbì kan gbá a lulẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó mu omi iyọ̀, ó dìde, ó sì bú sẹ́rìn-ín kèékèé, ẹ̀rín tí wọn ò gbọ́ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú. Nagwa ló sunkún nígbà tó gbọ́ ọ. Rawya nu imú ọmọ.

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Alhaja ni.

“Ṣé ó mu omi ẹran náà?”

“Ó mu ún, Màmá.”

“Ó jẹ ẹran ẹ̀?”

Rawya yíjú wo Sabri tó sùn gbalaja lórí ẹní. “Ó jẹ ẹ́ tán.”

“Ọlọ́run ṣeun. Gbé fóònù fún un kí n kí i.”

Ẹ ò rí i bí irọ́ kékeré ṣe ń bímọ?

“Kò sí lọ́dọ̀ mi, Màmá. Wọ́n... wọ́n ti dá a dúró sí ilé ìwòsàn.”

“Ye! Nígbà wo? Ariwo kí ló wà lẹ́yìn ẹ yẹn?”

Ọkùnrin kan tó ń kiri bísíkíìtì olóyin ló ń kọjá, tó ń ké bí ẹni pé wọ́n ń lé e. Rawya fi ọwọ́ bo fóònù. “Àwọn tó ń kiri ọjà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni.”

“Ilé ìwòsàn wo ni wọ́n gbé e lọ?”

Orúkọ ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Rawya. Ó dárúkọ rẹ̀.

“Ibi tí Mahrus...”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“O wá jókòó sínú ilé yẹn ní ìwọ nìkan?”

“Èmi nìkan ni.”

“Ọmọ mi,” ni Alhaja wí. “Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á bá ẹ gbé e.”

Nagwa ti dìde jókòó. “Orí ẹ dàrú ni? Kí ló dé tó o mẹ́nu ba ibẹ̀ yẹn?”

“Mi ò mọ òmíràn.”

Ibi tó ti jẹ̀bi gan-an nìyí, òun ló sì sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe èmi. Ó lè palẹ̀ mọ́ kó wá ọkọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní òun rò ó. Àmọ́ Nagwa ní wọ́n ti gba ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé wọn sọdá sí Ezbet el-Borg lọ́la, wọ́n á jẹ ẹja níbẹ̀, Ziyad á sì rí ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun. Rawya ní ó dáa. Ó rọrùn fún un láti ní ó dáa ju kó dìde lọ. Báyìí ló ṣe ń gbé ayé rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tó bá fà á, ó tẹ̀ lé e.

Wọ́n sọdá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń kan pákó mọ́ ìhà ọkọ̀ kan tó ga ju ilé lọ, Ziyad la ẹnu sílẹ̀. Wọ́n jókòó síwájú ẹja sísun. Nagwa bojú wo fóònù àbúrò rẹ̀ lórí tábìlì.

“Ìyá ọkọ ẹ ò pè láti àárọ̀. Ṣó o rí i? Ó ti gbà á gbọ́. Jẹun jàre.”

Rawya ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ egungun ẹja fún ọmọ nígbà tí fóònù dún. Ìyá rẹ̀ ni, láti Mansoura, ìyá tí wọ́n ní ó ń ṣàìsàn yẹn.

“Rawya! Kí lo sọ fún ìyá ọkọ ẹ?”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ó wà nílé mi níbí! Mo jókòó sí bárándà, mò ń ṣa òkúta inú ìrẹsì. Mo gbójú sókè, mo rí i tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kígbe, ó dì mọ́ mi, ó ń fọwọ́ pa mí lójú bí ẹni pé ikú ni mo ti dé. Ìrẹsì dà sílẹ̀. Ó ní, ‘O wà láàyè, Galila, o wà láàyè.’ Ṣé o pa mí ni, Rawya? Ṣé o pa èmi ìyá ẹ ni?”

Rawya gbé egungun ẹja sétí àwo.

Ìyá rẹ̀ rò ó fún un, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú igbe. Alhaja ò pè é láàárọ̀ nítorí pé ọ̀nà ló wà. Obìnrin tí kò jáde láti ọjọ́ ìsìnkú ọmọ rẹ̀ wọ bàtà, ó wọ ọkọ̀, ó lọ sí ilé ìwòsàn tí ọmọ rẹ̀ kú sí kí Rawya má baà dá jókòó síbẹ̀. Ó gbé oúnjẹ dání. Ó ń ti yàrá bọ́ sí yàrá, ó ń béèrè Galila. Wọn ò mọ Galila kankan. Ó gun òkè, ó dé yàrá tí wọ́n ti bo Mahrus lójú, ẹlòmíràn ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Nígbà tó yá, ẹnì kan sọ fún un pé màmá àgbàlagbà kan kú lówùúrọ̀, pé wọ́n ti gbé e sọ̀ kalẹ̀.

“Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbókùúsí, Rawya. Ibi tó ti dúró de ọkọ ẹ. Kó lè bá ẹ gba òkú mi.”

“Kí ló dé tí kò pè mí?”

“Mo bi í. Ó ní òun ò fẹ́ kó o sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n fi hàn án, ó rí i pé ẹlòmíràn ni. Ó wá rò pé wọ́n ti gbé mi wálé. Kó lè bá wa kẹ́dùn ló ṣe wá.”

“Ẹ gbé fóònù fún un.”

Rawya ń gbọ́ èémí Alhaja. Lẹ́yìn Rawya, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń kan ìṣó, awakọ̀ ojú omi sì ń pariwo pé kí àwọn tó ń padà sí Ras el-Bar máa bọ̀.

“Ras el-Bar lo wà,” ni Alhaja wí. Kò pariwo. Kò tilẹ̀ jọ ìbéèrè.

“Màmá...”

“Ziyad ńkọ́?”

“Ó wà níbí.”

“Má jẹ́ kó wọ ibi tó jìn.”

Ó gé fóònù.

Nagwa ń sọ pé kó pè é padà, kó ní wọ́n fipá mú un ni, kó ní dókítà ló ní kó lọ gba atẹ́gùn. Rawya sọ fún mi pé òun ń retí pé kí ojú ti òun, kí ẹ̀rù ba òun, kí òun bú sẹ́kún nígbà yẹn ó kéré tán. Ẹja ń tutù níwájú rẹ̀. Ó parí yíyọ egungun, ó sì fún ọmọ rẹ̀ jẹ.

Ó délé lọ́jọ́ kejì. Ìyá Hashim ti jókòó lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú obìnrin méjì mìíràn, èmi sì ni ọ̀kan nínú wọn, mi ò ní purọ́ fún yín. Oòrùn ti pa Rawya ní imú, ó ti bó. Ziyad ti dúdú kirikiri. Ìyá Hashim wò wọ́n láti òkè délẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀ o! Ara ìyá ńkọ́? Ẹ wò mí o, irú ilé ìwòsàn wo ló ń fi oòrùn bó èèyàn ní imú báyìí? Àbí òrùlé ni wọ́n ti ń tọ́jú wọn?”

Rawya dúró pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Gbogbo wa la ń wo ẹnu rẹ̀. Alhaja ṣílẹ̀kùn.

Alhaja Tafida yìí, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mi ò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Obìnrin tó máa sọ fún ọ lójú pé oúnjẹ rẹ ò dùn ni.

“Ara ìyá ẹ̀ ti yá,” ló wí. “Èmi náà lọ kí i, mo fojú ara mi rí i. Inú oòrùn ni ọmọ yìí ti ń tò ra oògùn káàkiri Mansoura, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ṣé ó ku ohun tó o fẹ́ bi mí, Ìyá Hashim?”

“Rárá o, Alhaja. Ọlọ́run á jẹ́ kó san.”

“Àmín. Ẹ yà fún wọn.”

A yà fún wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Rawya ló sọ ọ́ fún mi.

Ó ní òun kúnlẹ̀ kí Alhaja tó ti ilẹ̀kùn tán. Alhaja bọ́ bàtà Ziyad, ó gbọn yanrìn inú rẹ̀ dà sí bárándà, ó ní kó lọ fọwọ́. Ó bu ìrẹsì, ó bu ọbẹ̀, ó gbé wọn sórí tábìlì. Rawya ṣì wà lórí eékún.

“Màmá, ẹ bú mi.”

Alhaja ń wá ṣíbí.

“Ẹ gbá mi létí. Ẹ lé mi jáde. Ohun tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ ṣe sí mi. Ẹ ṣáà bá mi wí.”

Alhaja rí ṣíbí náà. Ó nù ún. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

“Ọmọ mi ni mo máa ń bá wí, Ìyá Ziyad,” ló dáhùn. “Dìde, lọ jẹun.”

Ó dìde, ó sì lọ jẹun.

Ó parí opó rẹ̀ nínú ilé náà. Ibẹ̀ ló ṣì ń gbé títí di òní, ẹnikẹ́ni ò lé e. Alhaja máa ń béèrè àlàáfíà rẹ̀ láràárọ̀, ó máa ń bu oúnjẹ fún un, Ìyá Ziyad ló ń pè é, kò sì sọ ọ̀rọ̀ líle kan sí i mọ́ rí. Àwọn ará àdúgbò ń gbóríyìn fún wọn. Wọ́n ní Rawya ṣorí ire, pé irú ìyá ọkọ tí kì í jà báyìí ṣọ̀wọ́n.